Àwọ̀ Méjì Nínú Ojúlé Kan: Àyẹ̀wò Ọnà Àwòrán Nínú Eré Kọ̀ǹpútà Àkọ́kọ́

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí á gún iyán nínú odó, kí á se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn ayàwòrán kan mu rẹ́gí, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilẹ̀ Sípéènì àti ní àwọn ibòmíràn ní Yúróòpù láti ọdún 1982 títí di nǹkan bí ọdún 1990. Iṣẹ́ wọn ni láti ya àwòrán sínú eré tí tọmọdé tàgbà ń fi kọ̀ǹpútà kékeré ṣe nínú ilé. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kò ní ojú tirẹ̀. Ara tẹlifíṣọ̀n tí ó wà ní pálọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́. Àká tí ó ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí kò tó nǹkan, àwọ̀ tí ó sì lè gbé sójú lẹ́ẹ̀kan náà kò ju 16 lọ lórí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́ta tí a óò mẹ́nu bà. Síbẹ̀, àwòrán inú wọn kò tíì parẹ́ lọ́kàn àwọn tí ó rí wọn, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán òde òní sì ń kọ́ iṣẹ́ lára wọn.

Èrò méjì ni ó gbilẹ̀ nípa àwòrán wọ̀nyí. Èrò kìíní ni pé iṣẹ́ òtòṣì ni wọ́n, pé bí ẹ̀rọ bá ti lówó lọ́wọ́ tó, kò sí ẹni tí ì bá ya irú wọn. Èrò kejì ni pé àìtó yìí gan-an ni ó bí ẹwà wọn, àti pé ọ̀pọ̀ yanturu ni ó ba iṣẹ́ àwọn ayàwòrán òde òní jẹ́. Kò sí èyí tí ó tọ̀nà pátápátá nínú èrò méjèèjì. Òfin kò bí ẹwà, bẹ́ẹ̀ ni kò pa á. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ wò ni ìdáhùn tí oníṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan fún òfin tí ó bá nílẹ̀, àti iye tí ó san fún ìdáhùn náà. Iṣẹ́ mẹ́rin ni àròkọ yìí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Òfin Tí Ẹ̀rọ Fi Lélẹ̀

A kì í dá ẹjọ́ ahunṣọ kí a má mọ irú òfì tí ó fi hun aṣọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982 ni ilé iṣẹ́ Sinclair Research, ní ìlú Cambridge, gbé kọ̀ǹpútà ZX Spectrum jáde. Pọ́n-ùn 125 ni wọ́n ń ta èyí tí àká rẹ̀ jẹ́ kílóbáìtì 16, wọ́n sì ń ta èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 48 ní pọ́n-ùn 175. Owó náà kéré sí ti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà, ìdí nìyí tí ó fi wọ ilé mẹ̀kúnnù.

Ojú àwòrán Spectrum jẹ́ 256 ní ìbú, ó jẹ́ 192 ní òró. Ohun tí a ń kà báyìí ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kékeré onígun mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ ń pè ní píkísẹ̀lì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 49,152. Bí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ láàárín àwọ̀ 16, báìtì 24,576 ni yóò ná láti fi pa àwòrán kan ṣoṣo mọ́. Gbogbo àká Spectrum kékeré kò sì ju báìtì 16,384 lọ. Àwòrán ì bá ti jẹ ilé, kò ì bá sì sí àyè fún eré fúnra rẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ṣe dá ọgbọ́n kan. Wọ́n pín ojú àwòrán sí ojúlé 768, ojúlé kọ̀ọ̀kan sì gba píkísẹ̀lì 8 ní ìbú àti 8 ní òró. Wọ́n wá pàṣẹ pé àwọ̀ méjì péré ni ó gbọdọ̀ gbé inú ojúlé kan. Wọ́n pe ọ̀kan ní tàdáwà, wọ́n sì pe èkejì ní bébà, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ̀wé. Àwọ̀ mẹ́jọ ni ó wà láti mú nínú rẹ̀: dúdú, búlúù, pupa, àlùkò, àwọ̀ ewé, àwọ̀ sánmà, ìyeyè àti funfun. Kọ̀ọ̀kan lè tàn yòò tàbí kí ó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé dúdú kò yàtọ̀ bí ó ti wù kí ó tàn, 15 ni gbogbo wọn jẹ́. Òfin mìíràn tún wà níbẹ̀: bí tàdáwà bá tàn nínú ojúlé kan, dandan ni kí bébà rẹ̀ náà tàn. Báyìí ni gbogbo àwòrán ṣe wọ inú báìtì 6,912. Ọgbọ́n ńlá ni. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ṣùgbọ́n wàhálà wà níbẹ̀. Bí ènìyàn tí ó wọ aṣọ pupa nínú eré bá ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí ewé rẹ̀ tutù, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wọ ojúlé igi náà, àwọ̀ mẹ́ta ni yóò pàdé níbi tí àyè kò ti ju ti méjì lọ. Yálà kí ewé igi di pupa tàbí kí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà di àwọ̀ ewé. Bí ó sì ti ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni àbàwọ́n náà yóò máa tẹ̀ lé e láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe èyí ní ìjà àwọ̀. Aláró yóò kàn sọ pé aró ti ràn ni.

Ẹni tí ó bá mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ kò ní rí gbogbo èyí bí ohun àjèjì. Àwọ̀ méjì péré ni aládìrẹ ní, funfun aṣọ àti aró ẹ̀lú. Òun náà a máa pín aṣọ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, a sì máa fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà ọ̀tọ̀ sínú ìkọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lára Ìbàdàndùn tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ìyàtọ̀ náà sì tóbi. Ọnà ara adìrẹ dúró sójú kan títí aṣọ yóò fi gbó. Àwòrán inú eré ń rìn. Ibi ìrìn rẹ̀ ni òfin ti ń mú un.

Àwọn Tí Ó Tẹrí Ba: Knight Lore

Ní ọdún 1984 ni ilé iṣẹ́ Ultimate Play the Game, èyí tí àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò Tim àti Chris Stamper dá sílẹ̀ ní ìlú Ashby-de-la-Zouch, gbé eré Knight Lore jáde fún Spectrum. Ìtàn ọkùnrin kan tí à ń pè ní Sabreman ni. Èèdì di ọkùnrin yìí, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a di ìkookò abàmì. Ó ní ogójì ọjọ́ láti wá oògùn rẹ̀ nínú ilé olódi tí yàrá rẹ̀ jẹ́ 128.

Nínú Sabre Wulf, eré tí ilé iṣẹ́ kan náà ti ṣe ṣáájú ní ọdún yẹn, inú igbó tí àwọ̀ rẹ̀ ń dán yanranyanran ni Sabreman ti ń rìn. Ní Knight Lore, wọ́n kó gbogbo ọ̀ṣọ́ náà sílẹ̀. Tàdáwà kan ṣoṣo lórí bébà dúdú ni wọ́n fi ya yàrá kọ̀ọ̀kan. Yàrá kan lè jẹ́ ìyeyè látòkèdélẹ̀, kí èkejì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ sánmà. Ohun tí wọ́n rí gbà nídìí rẹ̀ ni ìjìnlẹ̀. Wọ́n ya yàrá náà ní ìdábùú, bí ẹni pé a dúró sórí igun ògiri tí a ń wo ìsàlẹ̀. Òkúta wà níwájú, ènìyàn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kí apá kan ara rẹ̀ sì pamọ́. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo nǹkan inú yàrá ti jẹ́ àwọ̀ kan, kò sí àwọ̀ tí yóò bá òmíràn jà. Ìlà, òjìji àti àmì tóótòòtó ni ó kù láti fi sọ èyí tí ó jẹ́ òkúta àti èyí tí ó jẹ́ aṣọ.

Iṣẹ́ náà ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, ọ̀pọ̀ eré ni ó sì tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Ó tọ́ kí a yìn ín. Ara Sabreman kún, ìrìn rẹ̀ dán mọ́rán, ìgbà tí ó bá sì ń yí padà di ìkookò, ẹni tí ń wò ó yóò mọ̀ pé ara ń ro ó. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n san kì í ṣe kékeré. Nínú eré, àwọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan. Ó jẹ́ ọ̀nà tí ojú fi ń yára mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Nínú yàrá tí ohun gbogbo jẹ́ ìyeyè, ẹ̀gún tí ń pa ni àti òkúta tí a lè tẹ̀ gùn wọ aṣọ kan náà. Ẹni tí ń ṣe eré náà ní láti dúró, kí ó fẹjú wò ó kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn Stamper yanjú ìjà àwọ̀ nípa kíkó àwọ̀ kúrò nílé. Àlàáfíà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlàáfíà ilé tí a kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ni.

Olùkọ́ Tí Ó Bá Òfin Dúnàá Dúrà: Don Priestley

Ọ̀nà tí Don Priestley gbà yàtọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ọkùnrin yìí ti ń ṣe kí ó tó fi eré kíkọ ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Nínú Popeye tí ó jáde ní ọdún 1985, àti nínú The Trap Door tí ó jáde ní ọdún 1986, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ṣeé ṣe: ó ya ènìyàn gìrìwò gìrìwò tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ó sì mú wọn rìn lójú Spectrum.

Ọgbọ́n tí ó dá kò ju pé ó ka ojúlé kí ó tó yàwòrán lọ. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán a kọ́kọ́ ya ènìyàn bí ọkàn wọn ti fẹ́, wọn a wá máa kígbe pé òfin ń dí àwọn lọ́wọ́. Ti Priestley kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣètò ara ènìyàn rẹ̀ kí ó bá ojúlé mu: ibi tí orí parí sí ni ojúlé parí sí, ibi tí ẹ̀wù bẹ̀rẹ̀ ni ojúlé tuntun bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ènìyàn náà tóbi, ojúlé tí ara rẹ̀ gbà pọ̀, bí ojúlé bá sì ti pọ̀ tó ni àwọ̀ tí ó lè wọ̀ ti pọ̀ tó. Ènìyàn kékeré tí kò gbà ju ojúlé mẹ́rin lọ kò lè rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Nípa báyìí, títóbi tí àwọn mìíràn kà sí ẹrù ni ó di ọ̀nà àbáyọ.

The Trap Door wá láti inú eré alámọ̀ tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1986 kan náà. Berk ni ìránṣẹ́ tí ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ tí ara rẹ̀ jẹ́ búlúù; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti se oúnjẹ fún ọ̀gá kan tí ń gbé lókè àjà, tí a kì í rí, tí ohùn rẹ̀ sì ń dún bí àrá. Ìdí tí eré yìí fi yẹ ní yíyìn ni pé àwọ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Láti òkèèrè ni ènìyàn yóò ti mọ Berk, yóò mọ ìkòkò, yóò sì mọ ohun ẹlẹ́mìí tí ó ń jáde láti abẹ́ ilẹ̀kùn ihò. Ẹ̀rín ń bẹ nínú ìdúró rẹ̀, nínú ọwọ́ rẹ̀ gígùn, àti nínú ojú rẹ̀ tí ó yọ síta.

Òun náà san owó tirẹ̀. Ẹni tí a fi ojúlé wọn aṣọ fún, ojúlé ni ó gbọdọ̀ máa fi ẹsẹ̀ wọ̀n. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aró yóò ràn. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò lè yọ́ rìn, kò lè fò fẹ̀rẹ̀ bí Sabreman. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá gba ìdajì ojú àwòrán kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún ayé tí ó yí i ká. Ṣùgbọ́n Priestley mọ ohun tí ó ń ṣe. Kò mú ọ̀nà yìí lọ sínú eré ogun tí ó gba ìyára. Inú ilé ìdáná ni ó gbé e sí, níbi tí ìránṣẹ́ ọlọ́rá kan ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kiri. Ìwúwo ìrìn náà wá di ìwà Berk. Ibí yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ gbé borí Knight Lore: kò gé ohunkóhun kúrò nínú ayé eré nítorí òfin, ayé tí òfin kò ní ba jẹ́ ni ó lọ wá.

Àwọ̀ Mẹ́rìndínlógún: The Last Ninja

Bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Commodore 64, tí ó jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1982 kan náà, lówó lọ́wọ́ ju Spectrum lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní ìdè tirẹ̀. Àwọ̀ 16 ni ó ní, kò sì sí ẹni tí ó lè pààrọ̀ wọn. Bí ayàwòrán bá fẹ́ lo àwọ̀ mẹ́rin nínú ojúlé kan, ó ní láti gbà kí píkísẹ̀lì di oníbùú, kí ojú àwòrán di 160 ní ìbú àti 200 ní òró. Ọ̀kan nínú mẹ́rin náà sì gbọdọ̀ jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ẹ̀rọ náà tún fún un ní àwòrán ajẹ́-dádúró mẹ́jọ tí wọn kì í bá àwọ̀ ẹ̀yìn wọn jà, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 24 ní ìbú àti 21 ní òró.

Àwọ̀ Commodore kò tàn yòò bí ti Spectrum. Eérú mẹ́ta wà nínú wọn, àwọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀, àwọ̀ ọsàn wà níbẹ̀, pupa rẹ̀ pàápàá dà bí ìgbà tí a bu omi sí osùn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí wọn lè rò pé wọ́n ti ṣá. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ṣá báyìí ni wọ́n ṣe gbọ́ ara wọn yé. Àwọn ayàwòrán ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú àwọ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí a bá tò méjì irú wọn ní tóótòòtó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà a pò wọ́n pọ̀, ojú a sì rí àwọ̀ kẹta tí kò sí nínú ẹ̀rọ rárá.

Ní ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ System 3 gbé The Last Ninja jáde. Hugh Riley ni ó ya àwòrán rẹ̀. Igbó, ẹrẹ̀, òkúta, ọgbà òdòdó àti ààfin ni akọni inú rẹ̀ ń là kọjá, gbogbo wọn ni a sì yà ní ìdábùú gẹ́gẹ́ bí ti Knight Lore, ṣùgbọ́n tàwọ̀ tàwọ̀. Bí a bá dúró tí a ń wo ojú ìwé kan lásán nínú eré yìí, kò sí èyí tí ó rẹwà tó o nínú mẹ́rin tí a ń yẹ̀ wò.

Ibẹ̀ náà ni àbùkù rẹ̀ wà. Àwòrán rẹ̀ fẹ́ràn ara rẹ̀ ju ẹni tí ń ṣe eré lọ. Ewé àti koríko kún ojú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti mọ ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ àti ibi tí kò lè tẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí akọni mú nílẹ̀ fara pamọ́ sáàárín ọ̀ṣọ́. Nígbà tí ó bá sì kan fífo láti orí òkúta kan sí òmíràn lójú omi, ọ̀pọ̀ ni ó kú sómi láìmọ ibi tí wọ́n ti ṣì í. Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Àwòrán tí ó dára lórí ògiri lè kùnà nínú eré, nítorí pé ẹni tí ń wo ògiri kò ní ẹ̀mí tí yóò sọ nù.

Ọ̀sán àti Òru: La Abadía del Crimen

Iṣẹ́ kẹrin wá láti ilẹ̀ Sípéènì. Paco Menéndez ni ó kọ ọ́, Juan Delcán ni ó ya àwòrán rẹ̀, ilé iṣẹ́ Opera Soft sì gbé e jáde ní ọdún 1987. Inú ìwé ìtàn Umberto Eco, The Name of the Rose, tí ó jáde ní ọdún 1980, ni wọ́n ti mú ìtàn náà, ṣùgbọ́n wọ́n yí orúkọ padà nítorí pé wọn kò rí àṣẹ gbà. Àlùfáà kan tí à ń pè ní Guillermo àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ Adso wá wádìí ikú tí ń pa àwọn tí ó wà ní ilé ìsìn olódi kan. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní. Wákàtí àdúrà ni wọ́n sì fi pín ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí a óò gbé yẹ̀ wò ni ti kọ̀ǹpútà Amstrad CPC. Ẹ̀rọ yìí, tí ó jáde ní ọdún 1984, ní àwọ̀ 27, nítorí pé pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta. Kò ní òfin ojúlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìlà àwòrán òun tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè lo ju mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́rin ni Delcán lò. Ó fi wọ́n ya ògiri òkúta, àtẹ̀gùn, tábìlì ìjẹun àti gbọ̀ngàn ìsìn, ìlà rẹ̀ sì mọ́ bí ti ẹni tí ń ya ilé tí a fẹ́ kọ́.

Ohun tí ó jẹ́ ọgbọ́n níbẹ̀ ni èyí: lórí Amstrad, a lè pààrọ̀ àwọ̀ mẹ́rin náà láìtún àwòrán yà. Bí ilẹ̀ bá ṣú nínú eré, àwọ̀ ọ̀sán tí ó móoru a kúrò, búlúù a gba gbogbo ilé ìsìn náà kan. Ògiri kò yí, àtẹ̀gùn kò yí, síbẹ̀ ibẹ̀ ti di ibòmíràn. Ẹni tí ó jáde kúrò nínú yàrá rẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òun ń rú òfin ilé náà, kò sí ìdí tí a ó fi tún kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ fún un. Àwọ̀ di aago. Nínú àwọn ọ̀nà mẹ́rin wọ̀nyí, ti Delcán àti Menéndez ni ó jinlẹ̀ jù, nítorí pé wọn kò béèrè iye àwọ̀ tí wọ́n ní. Ohun tí wọ́n béèrè ni ohun tí àwọ̀ lè sọ.

Ǹjẹ́ Àìtó Ni Ó Ń Bí Ẹwà?

Ó ku kí a padà sí èrò méjì tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àìtó ni ó ń bí ẹwà gbọdọ̀ ṣàlàyé ìdí tí ọ̀pọ̀ eré Spectrum fi burú. Wọ́n pọ̀ jọjọ, àwọn eré tí a kàn gbé àwòrán wọn wá láti orí Commodore tàbí láti orí ẹ̀rọ eré ńlá ti gbangba, tí a wá da tàdáwà kan lé lórí, títí tí ojú kò fi mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ògiri. Òfin kan náà ni ó mú wọn àti Priestley. Àwọn wọ̀nyí kò dá òfin lóhùn. Wọ́n ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ ni.

Ẹni tí ó sì ń pe iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ òtòṣì yẹ kí ó ronú nípa èdè Yorùbá. Orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ òpómúléró nínú èdè wa: funfun, pupa àti dúdú. Pupa gba epo, ó gba ìyeyè, ó gba ọsàn tí ó pọ́n. Dúdú gba aró, ó sì gba ewé tí ó tutù yọ̀yọ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé nítorí èyí, ojú aláró kò rí ìyàtọ̀ láàárín aró tí a rẹ lẹ́ẹ̀kan àti èyí tí a rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ohun èlò lè kéré kí ojú tí ń lò ó má kéré.

Èyí kan àwọn ayàwòrán òde òní gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn lè gbé àwọ̀ tí ó ju mílíọ̀nù 16 lọ, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ń fi píkísẹ̀lì ńlá ńlá yàwòrán, wọ́n sì ń fúnra wọn yan àwọ̀ mélòó kan. PICO-8 tí Joseph White ṣe jẹ́ kọ̀ǹpútà àfinúrò tí ojú àwòrán rẹ̀ kò ju 128 ní ìbú àti 128 ní òró lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 16. Lórí rẹ̀ ni Maddy Thorson àti Noel Berry ti kọ́kọ́ ṣe Celeste ní ọdún 2015, kí wọ́n tó sọ ọ́ di eré ńlá tí ó jáde ní ọdún 2018. Àwọn kan ń fi irú èyí ṣe yẹ̀yẹ́, pé ta ni í fọwọ́ ara rẹ̀ de ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí akéwì tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ gba òfin. Ohun tí ó yẹ kí a bi wọ́n ni bóyá òfin náà ń ṣe iṣẹ́ kan. Bí ayàwòrán bá fi píkísẹ̀lì ńlá yàwòrán kìkì kí àwọn àgbà lè rántí ìgbà èwe wọn, tí àwọ̀ inú rẹ̀ kò sì sọ ohunkóhun fún ẹni tí ń ṣe eré, aṣọ àwọn Stamper ni ó gbé wọ̀, kò gba ọgbọ́n wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń fò. Orí gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni àwọn àwòrán wọ̀nyí ti pé. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ máa ń ṣàn díẹ̀ wọ inú ara wọn, àwọn ayàwòrán sì ti fi èyí sínú ìṣirò wọn. Lójú kọ̀ǹpútà òde òní, igun píkísẹ̀lì mú bí abẹ. Tóótòòtó Commodore tí ó yẹ kí ó di àwọ̀ kẹta wá dúró ní ẹyọ ẹyọ bí èkuru tí kò fọwọ́ sówọ́ pọ̀. Ẹni tí ó bá fi èyí dá Hugh Riley lẹ́jọ́ dà bí ẹni tí ó ka ìjálá nínú ìwé, tí kò gbọ́ ohùn ọdẹ, tí ó wá ní kò dùn. Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn kò ní jẹ́ kí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé òfin ojúlé kò wá láti inú ìkà tàbí àìmọ̀kan. Ìṣirò àká ẹ̀rọ ni ó bí i. A ti rí i pé ìdáhùn sí òfin kò jẹ́ ọ̀kan. Àwọn Stamper kó àwọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ìjìnlẹ̀. Priestley ka ojúlé kí ó tó ya ènìyàn, ó sì wá ìtàn tí ìrìn rẹ̀ bá ìwọ̀n náà mu. Riley po àwọ̀ títí tí àwòrán fi rẹwà ju bí eré ti fẹ́ lọ. Delcán àti Menéndez jẹ́ kí àwọ̀ mẹ́rin sọ àkókò. Ìdájọ́ àròkọ yìí ni pé iṣẹ́ Delcán àti Menéndez ni ó ga jù, ti Priestley sì tẹ̀ lé e, nítorí pé nínú méjèèjì ni àwọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ń ṣe eré.

Àǹfààní ìdájọ́ yìí kò mọ sí orí eré. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹfun, pátákó àti ogójì ìṣẹ́jú ni ó sábà máa ń wà lọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá. Ó lè máa sunkún ohun tí kò sí. Ó sì lè kọ́kọ́ ka ojúlé tí ó wà nílẹ̀, bí Priestley ti ṣe, kí ó tó pinnu irú ẹ̀kọ́ tí yóò yà sínú rẹ̀.